Ẹni tó Fi Oko Kòkó Rán Ọmọ Níwèé

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó ń gbé Iyere kì í bú ènìyàn láì kọ́kọ́ ṣí fìlà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wọ yunifásítì láti kọ́ báyọ́tẹkinọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa fífi àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké ṣe nǹkan, bàbá rẹ̀ fi oko kòkó rẹ̀ dógò, ó yá owó. Bàbá mi ní kí ọmọ náà kúkú kọ́ṣẹ́ tíṣà, kó lè tètè máa gbowó oṣù.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣí fìlà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbowó oṣù, ṣebí oko mi lẹ ti ń wá kó iṣu?"

Ọmọ gboyè, kò ríṣẹ́ àfi ní ilé búrẹ́dì kan ní Ọ̀wọ̀, níbi tó ti ń tọ́jú ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bàbá rẹ̀ wá di lébìrà nínú oko ara rẹ̀, ó ń ká kòkó fún ẹni tó yá a lówó. Ọmọ sunkún, ó ní òun á fiṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ṣí fìlà. "Òpònú! Padà sídìí ìwúkàrà rẹ. Bó ṣe ń wú ni gbèsè wa ń joro."

Ọdún bíi mélòó kan ni ọmọ náà fi san án tán. Lọ́jọ́ tí oko padà, bàbá mi bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi bóyá ó tún lè ṣe irú ẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

"Nítorí ọmọ yìí, mo tún lè ta ilé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀, tíṣà ni yóò ṣe."