Jẹ́sì Gólì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Treichville, ojú mi mú débi pé èmi ni gbogbo obìnrin agbolé wa máa ń ké sí pé kí n wá bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ràmátù ìyàwó mi fi rẹ́rìn-ín títí lọ́jọ́ tí a jọ wà pọ̀ kẹ́yìn. A jókòó síta ilé wa ní Gonzagueville lẹ́yìn ìrun Àsárì. Jẹ́sì àwọn ọmọ àdúgbò tí à ń kó jọ gbá bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń rán nọ́ńbà tuntun sí ẹ̀yìn wọn. Èmi di abẹ́rẹ́ mú, mò ń fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, mò ń wá ihò tí n kò rí.

“Bàbá Sàdíkù, ṣé kí n pe rẹfirí ni? Àsìkò mà ti ń tán lọ o.”

Nígbà tí òwú wọlé, ó pàtẹ́wọ́, ó sì kígbe “Góòlù!” débi pé àwọn aládùúgbò yọjú. Ó rán èyí tó lè rán, ó fi abẹ́rẹ́ há jẹ́sì tó kù lára, ó ní ó di ọ̀la. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí pé bọ́ọ̀lù aláwọ kì í ṣe nǹkan tí ọmọ agbolé ń ní nígbà náà. Àkísà la fi ń ṣe tiwa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá sí ilẹ̀ elédè Faransé yìí, ọjà ni wọ́n mọ̀, lójú wọn ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń fi ẹsẹ̀ tí ì bá fi jíṣẹ́ ṣòfò. Bàbá mi a máa bi mí pé, “Ìwọ tó ń lé bọ́ọ̀lù kiri, bí o bá bá a, ṣé wàá sè é jẹ ni?” Síbẹ̀, bí mo bá ti gbé atẹ ìyá mi délé, tí mo ti fọ abọ́, tí mo ti jẹ atiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹja díndín tó ta sánsán, ojú pópó ni ẹ ó ti bá mi.

Ọmọ aránṣọ agbolé wa ni Ràmátù. Àgékù aṣọ bàbá rẹ̀ ló máa ń kó sínú ìbọ̀sẹ̀ tó ti ya, a rán an pinpin, ó di bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀, òun ni yóò ṣe gólì. Nígbà àkọ́kọ́ a ní obìnrin kì í ṣe gólì. Kò bá wa jà. Ó fi bọ́ọ̀lù há abíyá, ó kọrí sílé, àwa náà sì sáré lọ bẹ̀ ẹ́. Kò rọrùn láti gbá góòlù sí i nílé o! Òun ló rán bọ́ọ̀lù náà, ó mọ ibi tí yóò yà sí kó tó yà.

Ní ọdún Iléyá kan, àgékù aṣọ tán. Ó rí ègé aṣọ gínnì aláró méjì tí wọ́n ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ bàbá rẹ̀, ó rò pé àgékù ni, ó kó wọn. Àpò ṣòkòtò Alájì olóbì tó ń gbé ní iwájú ilé wa ni. Ẹ mọ bí ilé aránṣọ ṣe ń rí nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la: bàbá rẹ̀ rò pé ọmọṣẹ́ ti fi àpò sí i, ọmọṣẹ́ rò pé ọ̀gá òun ti fi í sí i. Bí Alájì ti kírun Iléyá dé, ó ti tẹ̀súbáà rẹ̀ bọ àpò, tẹ̀súbáà gba itan lọ, ó jáde lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú un, bọ́ọ̀lù wa yí dé iwájú rẹ̀. Ó wo bọ́ọ̀lù, ó wo ṣòkòtò.

“Ràmá, ṣé àpò mi lẹ ń gbá kiri yìí?”

“Ẹ má bínú, Alájì, ọ̀kan péré ni. Ìkejì wà nínú bọ́ọ̀lù tó wà nílé.”

Gbogbo àwọn tó wà níta fi ẹ̀rín bú, àfi aránṣọ. Orí ìkúnlẹ̀ la wà, a nawọ́ sókè, tí òórùn ẹran àgbò ń gba imú wa kọjá. Alájì náà ló wá bá wa bẹ̀bẹ̀. Ó ní, “Aránṣọ, fi wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ tó rán bọ́ọ̀lù tí kò tú, bó bá rán ilé, kò ní tú.”

Èmi ni Ọlọ́run fún ní ilé náà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ ní Plateau, kò tú. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, òun ló ní kí a kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ.

Lẹ́yìn àdúrà fídáù, mo sọ fún Sàdíkù, ọmọ wa, pé kó wá ẹni tí yóò gba àpò jẹ́sì, pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ pápá mọ́. Kò tíì wá ẹnikẹ́ni tí Náfísà, gólì wa, fi wọlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Tọ́ńtọ́n, bàbá kékeré, ni àwọn ọmọ náà ń pè mí.

“Tọ́ńtọ́n, jẹ́sì mi dà? Dimanche la máa gbá o.”

Ìyá rẹ̀ gbá a létí díẹ̀. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn?”

“Màmá, mo kí wọn lánàá!”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi. “Ẹ foríjì í, Bàbá. Rẹfirí ti sọ pé gólì tí kò ní nọ́ńbà kò ní wọ pápá lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ yìí kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fún aránṣọ.”

Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo jókòó, mò ń ronú. Láyé ọjọ́un, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin tó ń ṣe gólì máa ń parí rẹ̀ sí. Lónìí, ìyá ló fa tirẹ̀ lọ́wọ́ wá bèèrè jẹ́sì. Àwọn ọmọ ìwòyí ní bọ́ọ̀lù aláwọ, wọ́n ní bàtà, Faransé ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà lórí pápá. Wọn kò mọ bí a ṣe ń rán bọ́ọ̀lù, kò sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n tipátipá. Inú Ràmátù ì bá dùn sí i.

Mo mú jẹ́sì náà jáde. Abẹ́rẹ́ ṣì há sí i lára, òwú tí mo kì bọ̀ ọ́ lójú Ràmátù ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú mi, nọ́ńbà ení ni gólì ń wọ̀, kò ní kọ́lọ́kọ̀lọ. Mo rán an wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n ó di mú. Kí n tó dé ìsàlẹ̀, òwú náà tán.

Mo fà lára òwú tuntun. Mo tọ́ ọ lẹ́nu, ó yẹ̀. Mo tún tọ́ ọ, ó tún yẹ̀. Nígbà tó yá, ó wọlé. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Mo wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo wá fẹnu ara mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Góòlù,” mo sì ń rán an lọ.