Àwọ̀ Pupa Tó Ṣàn Lọ Lára Pátákó Kànga

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara mi ò tíì balẹ̀ látọjọ́ náà. Bóyá tí mo bá sọ ọ́, ọkàn mi á fúyẹ́ díẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ pátákó àti sítíkà ni mò ń ṣe ní Ìlaró. Bàbá kan wọlé wá láti abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ihunbo. Wọ́n ní ẹnì kan ṣèèṣì da oògùn apakoríko sínú kànga wọn. Gbogbo ará abúlé ti gbọ́, àmọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ni kànga náà wà, àwọn èrò tó ń bọ̀ láti Ìdí-Ìrókò sì máa ń yà mu omi níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ pátákó tó máa yé ẹni tí kò mọ̀wé pàápàá.

Mo fi kọ̀ǹpútà ya ẹni tó gbé ife sẹ́nu ní dúdú. Mo fi pupa fa ìlà méjì gàdàgbà kọjá lórí ẹ̀, mo tún fi pupa kọ ọ́ sábẹ́ pé: Ẹ MÁ MU OMI YÌÍ. Mo fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ó dáa lójú!

Ó ku kí n lẹ ọ̀rá bò ó, ọ̀rá fẹ́lẹ́ tá a fi ń láminéètì, tí kì í jẹ́ kí òjò àti oòrùn ba inki jẹ́. Mo nawọ́ sí róòlù, páálí lásán ló kù! Abẹ́òkúta ni mo sì ti ń rà á. Mọ́tò Bàbá fẹ́ lọ, wọ́n ń wo ọ̀nà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọjọ́ mélòó kan náà ni, wọ́n á ti fa omi yẹn dànù. Mo gbé pátákó fún wọn. Mi ò sọ nǹkan kan.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò dé, èyí tó máa ń fẹ̀gbẹ́ rọ̀ yẹn. Mo jókòó, mo dìde. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo pa á. Inki dúdú ẹ̀rọ mi kì í bẹ̀rù omi, àmọ́ pupa ńkọ́? Mo pe Bàbá lẹ́ẹ̀mẹ́fà, fóònù wọn ò lọ. Bí òjò ṣe dá báyìí, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun ọ̀kadà. Mo ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó sáré, ó ní ṣé wọ́n ń lé mi ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí mo dé ìdí kànga, pupa ti ṣàn lọ tán! Ọ̀rọ̀ ò sí, ìlà ò sí. Ẹni tó gbé ife sẹ́nu nìkan ló kù, ó ń mumi lọ ní tiẹ̀. Pátákó tí mo ṣe kó máa lé èèyàn, òun ló wá ń pè wọ́n!

Obìnrin oníṣòwò kan sì dúró níbẹ̀, ó gbé abọ́ omi dání. Mo figbe ta, "Ẹ má mu ún!" Ó fi Faransé dá mi lóhùn, ó nàka sí àwòrán mi, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbá abọ́ náà dànù. Ló bá gbá mi láṣọ mú! Bàbá ló sáré jáde, tí wọ́n fi èdè Ègùn ṣàlàyé fún un.

Ṣé ó ti mu ún? Ó ní òun kàn fi fọ ẹnu ni, òun sì tu ú dànù. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní ká dúró káwọn máa wò ó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nínú ọgbà títí oòrùn fi yí. Inú ò run ún, kò bì. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní ó lè máa lọ.

Mo jẹ́wọ́ fún Bàbá pé mi ò lẹ ọ̀rá bo pátákó náà. Wọ́n bi mí pé:

"Ọmọ mi, o mọ̀ pé omi á fọ̀ ọ́ nígbà tó o gbé e fún mi?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ká ní o sọ ni, ǹ bá ti fi ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún dí ẹnu kànga náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo gbọ́kàn lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èébú lọ. Èmi àti Bàbá la jọ gé ẹ̀gún dí ẹnu kànga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lọ́nà Abẹ́òkúta, mò ń lọ ra ọ̀rá.

Ẹ̀yin tá a jọ ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, bí iṣẹ́ bá kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Tó bá mọ̀, á wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ìgbà wo lẹ̀yin náà dákẹ́ níbi tó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀? Kí ló tẹ̀yìn ẹ̀ yọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni mo jẹ́wọ́!