Omi Gbígbóná fún Ìyàwó Má-jò

Má-jò ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi. Púlọ́ńbà ni. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ omi, kò sẹ́ni tó pè é padà pé páìpù tó so ń jò. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn-ún kọ, ibi tí mo máa yìn ín dé nìyẹn.

Àìsàn kan mú ìyàwó rẹ̀, apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò lágbára mọ́. Kò lè gun àtẹ̀gùn lọ sí balùwẹ̀ òkè. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí pálọ̀. Ọmọ wọn obìnrin ní òun á máa wá wẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ kọ̀.

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní jòjòló. Kò ní í wẹ̀ mí. Ojú á tì mí."

Omi lé sí i lójú bó ṣe sọ ọ́. Má-jò dìde. Ó kó ẹrù inú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná síta. Ó ní ibẹ̀ ni balùwẹ̀ tuntun máa wà.

Ilé àtijọ́ ni, páìpù bàbà ló ń gbé omi gbígbóná. Páìpù ike ló fẹ́ fi fà á wọ yàrá náà. Bàbà àti ike kì í dédé lẹ̀ mọ́ra. Ìdè idẹ kan ló ń wà láàárín wọn. Wọ́n á fi iná àti òjé jó o mọ́ bàbà, wọ́n á jẹ́ kó tutù, kí wọ́n tó de ike mọ́ ọn. Kó tutù o! Má-jò ti bú àwọn púlọ́ńbà mìíràn títí lórí ìyẹn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fẹ́ so páìpù náà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga nílé ìdáná, tówẹ̀lì lórí itan, ó ń retí ìwẹ̀. Tówẹ̀lì yẹn ni Má-jò ń wò, kò wo iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ de ike, ó wá tanná sí bàbà.

Ooru gba inú idẹ kọjá. Bó ṣe ṣí omi báyìí, ojú ìdè ló ti tú jáde, ó fọ́n sí i láyà. Ike ti rọ̀ bí àbẹ́là.

"Yéè! Má-jò ti jò!" Ìyàwó rẹ̀ kọjú sí mi. "Ọkọ mi, ẹ bá mi wò ó. Ta ni ká pè báyìí?"

"Pe púlọ́ńbà," mo ní.

Má-jò kò rẹ́rìn-ín. Inú omi ló jókòó sí.

"Ìyá wọn, má bínú. Mo fẹ́ kó tètè yá ni."

"Ta ló ń lé yín? Ibo ni mo ń lọ?" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún nu ojú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì. "Ẹ tún un ṣe. Mo wà níbí."

Má-jò gé ibẹ̀ kúrò, ó nu inú páìpù gbẹ, ó fi ìdè mìíràn sí i. Ó jó o, ó paná. Ó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Tó bá ti fẹ́ dìde, ìyàwó á di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Kò tíì tutù."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ jókòó jàre."

Nígbà tó yá, Má-jò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan idẹ. Ó ti tutù. Ó de ike mọ́ ọn, ó ṣí omi. Ẹ̀kán omi kan kò jò níbi ìdè.

Ìyàwó rẹ̀ di irin tí ọkọ rẹ̀ kàn mọ́ ògiri mú, ó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. A gbọ́ omi. Má-jò fara ti ògiri, ó dijú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń dá wẹ̀."

"Mo gbọ́."

"Bàbá wọn!" Ìyàwó rẹ̀ ló pè láti inú balùwẹ̀.

Má-jò ta gìrì. "Ṣé ó ń jò?"

"Kò jò. Ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn."

"Kí n pe ọmọ wa?"

"Ṣé òun ni mo pè ni? Ẹ̀yin ni mo pè."

Ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọlé. Èmi dé fìlà mi, mo rọra bá tèmi lọ.