Ọ̀wẹ̀ Àna Nínú Ilé Ìdáná Ìyá Mi

Bí òórùn àdín dúdú bá kàn mí nímú títí di òní, àyà mi á kọ́kọ́ já, lẹ́yìn náà ẹ̀rín á gbà mí. Òkukù la wà nígbà náà, ìjọba òyìnbó kò tíì lọ, èédú ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ, èèyàn á sì rí èéfín rẹ̀ lókè igi kó tó gbọ́ fèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni èéfín ọkọ̀ ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìdáná ìyá mi, Àbẹ̀kẹ́ alàdín. Ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n ń yan nínú ìkòkò ńlá títí á fi dúdú, tí òróró á fi máa ṣàn jáde lára rẹ̀. Èèpo rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dáná. Ilé ìdáná ọ̀hún kò ní fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ẹni tó bá ga díẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọlé. Inú èéfín yẹn ni wọ́n ti pọ̀n mí dàgbà. Ibẹ̀ ni mo padà sí nígbà tí mo ka ìwé mẹ́rin tán. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ọ pé bí obìnrin bá fẹ́ sunkún kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, kó wọ ilé ìdáná, kó ní èéfín ló ń ta òun lójú.

Ikọ́ sì ń bá ìyá mi jà. Lọ́dọọdún ni, bí ọyẹ́ bá ti dé. Wọ́n á wú u láàárọ̀ títí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á fi jáde, àyà wọn á máa dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Àfìgbà tí ọkọ dé.

Adígún ni orúkọ rẹ̀, bíríkìlà, ọmọ Ìkìrun. Mo lè dárúkọ rẹ̀ fàlàlà báyìí nítorí kò tíì di ọkọ mi níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Òun àti ọ̀gá rẹ̀ ló wá kọ́ kíláàsì tuntun sí ilé ìwé ìjọ wa. Géńdé ọkùnrin tí kò ní aya, tí kò ní ọmọ ọwọ́ tí gìrì lè mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdín lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa kígbe láti orí àgbékà igi tí wọ́n dúró lé pé, “Adígún, ṣé gìrì tún ti mú ọ ni?” Èmi á dorí kodò bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi á máa fò bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀.

Ìyá Rẹ̀bẹ́kà, ará Ìnísà, tó mọ ilé wa tó sì mọ ilé wọn, ló ṣe alárinà. Láyé ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìyàwó láìṣèwádìí. Wọ́n á bèèrè bóyá wèrè wà nínú ẹbí, bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá wárápá. Èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni ikọ́ ife. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ ní ilé kan, àwọn ọmọbìnrin ilé náà á jókòó ti ìyá wọn títí. Ní ọjọ́ kan, Ìyá Rẹ̀bẹ́kà sáré wọlé, ó ní, “Ìyá Àṣàbí ń bọ̀ lọ́la o! Ẹ̀gbọ́n bàbá Adígún. Imú obìnrin yẹn lè gbóòórùn ọ̀rọ̀ láti Ìkìrun!”

Ni èmi àti ìyá mi bá gbọ́n. A ní kí ìyá mi wọ ilé ìdáná, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n máa yan ẹ̀kùrọ́ lọ, kí ikọ́ náà kú síbẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí, mo tiẹ̀ kọrin sùn. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Ìyá Àṣàbí dé, wọ́n jókòó, mo kúnlẹ̀, mo gbé omi fún wọn. Ọ̀rọ̀ ń dùn bọ̀. Àfi gbòhùn-ún láti ẹ̀yìnkùlé! Ó tún dún. Ìgbà kẹta, kò dáwọ́ dúró mọ́.

“Ta ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?”

Bàbá Oyèlékè, àbúrò bàbá mi tó ń ṣe olórí ilé, ní, “Ewúrẹ́ wa ni.”

“Ewúrẹ́ tó ń wúkọ́, tó tún ń pe Jésù Olúwa?”

Kí wọ́n tó dáhùn, ilẹ̀kùn ṣí, ìyá mi jáde pẹ̀lú èéfín, ojú wọn pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n di àyà mú. Ìyá Àṣàbí gbé ife omi tí wọn kò tíì fẹnu kàn sílẹ̀, wọ́n rọra tì í kúrò níwájú wọn, wọ́n dìde. Wọ́n jáde lọ. Nígbà tí Ìyá Rẹ̀bẹ́kà máa padà wá, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́: wọ́n ní ikọ́ ife ni, àwọn kò fẹ́ mọ́. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń yà fún ìsọ̀ wa. Ìyá mi fúnra wọn ya ife àti àwo tiwọn sọ́tọ̀.

Adígún wá pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ wọ́n wò.”

“Bó bá wá jẹ́ ikọ́ ife lóòótọ́ ńkọ́?” ni mo bi í.

“Oògùn rẹ̀ ti wà. Àìmọ̀ yìí ni kò lóògùn.”

Bí a ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ìnísà nìyẹn, sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí dókítà máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà ki nǹkan bọ etí, ó gbọ́ àyà wọn níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì Felísíà gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ìgò. A padà lọ gbọ́ èsì. Nọ́ọ̀sì Felísíà rí wa láti òkèèrè, ó ti ń rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe ikọ́ ife o! Bronkáítíìsì ni!”

N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ mo fò sókè. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà èémí wa dà bí igi tó dojú dé: ìtí rẹ̀ wà lọ́fun, àwọn ẹ̀ka rẹ̀ tàn ká inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí inú àwọn ẹ̀ka náà bá wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún un, èèyàn á máa wúkọ́ láti lé e jáde. Ti ẹlòmíràn, ọ̀fìnkìn ló fà á. Bó bá sinmi, tó ń mu omi dáadáa, ó lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti ẹlòmíràn, sìgá tàbí èéfín ni, irú èyí ló máa ń padà wá lọ́dọọdún. Ó ní ti ìyá mi kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún, kì í sì í ti inú ife ranni. Ó fún wọn ní oògùn olómi.

“Abẹ́rẹ́ mi dà?” ni ìyá mi wí.

“Kò sí abẹ́rẹ́, Ìyá. Ara yín kò gbóná. Bí ibà bá dé, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yí àwọ̀ padà, tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ sáré wá, dókítà á wò ó bóyá ó yẹ.”

“Mo wọ mọ́tò láti Òkukù, ẹ ò ní gún mi?”

“Abẹ́rẹ́ kò lè gún èéfín, Ìyá. Èéfín ni kí ẹ fi sílẹ̀.”

Ìyá mi gba oògùn, wọ́n dìde. Bí wọ́n bá fi èéfín sílẹ̀, àdín ńkọ́? Kí la ó máa jẹ? Adígún bá wa délé. Ó wọ ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ gbá ògiri, ó wo òkè. “Ẹ̀yin ará ilé yìí,” ni ó wí, “ẹ ò ṣá ní sọ pé n kò lè ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna mi?”

Gbogbo èèyàn mọ ọ̀wẹ̀ àna. Ọkọ ìyàwó á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ro oko bàbá ìyàwó, tàbí kí wọ́n bá a ṣe òrùlé. Ṣùgbọ́n ta ló rí ọ̀wẹ̀ ilé ìdáná rí? Ta ló sì rí ọ̀wẹ̀ àna tí ẹbí ọkọ ti ní àwọn kò fẹ́? Nígbà tó di Sátidé, àwọn ọmọ Ìkìrun rọ́ jáde nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ṣọ́bìrì lórí, orin lẹ́nu. Àdúgbò tú jáde. Wọn ò tíì yọ bíríkì kan tí Ìyá Àṣàbí fi dé, gèlè wọn ti wọ́.

“Adígún! O fẹ́ kó ikọ́ wọ ilé bàbá rẹ? Obìnrin náà dà?”

Ìyá Àṣàbí tẹrí ba, wọ́n wọ ilé ìdáná lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀kùrọ́ tó kù nínú ìkòkò. A ń gbọ́ ohùn wọn. Ohùn náà já. Lẹ́yìn náà la gbọ́ gbòhùn-ún, gbòhùn-ún! Ìyá Àṣàbí fẹ̀yìn rìn jáde, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n di ògiri mú.

Ìyá Rẹ̀bẹ́kà káwọ́ lérí. “Yéè! Ikọ́ ife ti mú Ìyá Àṣàbí o!”

Ẹ̀rín bú jáde lójúde. Mo ń wo ojú Ìyá Àṣàbí. Wọ́n nu ojú. Wọ́n wo ilé ìdáná, wọ́n wo ìyá mi. “Àbẹ̀kẹ́,” ni wọ́n wí, “inú ibí yìí lo ti tọ́ ọmọ? Bu omi fún mi.” Mo sáré, ṣùgbọ́n ife tí ìyá mi yà sọ́tọ̀ ló sún mọ́ wọn jù. Òun ni wọ́n mú. Wọ́n mu ún tán.

Ni ṣọ́bìrì bá sọ̀ kalẹ̀! Wọ́n la fèrèsé méjì, wọ́n gbé ẹnu ọ̀nà ga, wọ́n mọ ihò èéfín gba orí òrùlé yọ. Ikọ́ kò tán lọ́jọ́ kan o. Bí ọyẹ́ bá dé, ó ṣì máa ń kí ìyá mi, ṣùgbọ́n bí àlejò tí kò ní sùn. Ìyá mi rí ọmọ mi, wọ́n sì rí ọmọ ọmọ mi.

Bàbá àwọn ọmọ mi kú lọ́dún yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn ní Ìkìrun, n kò pe orúkọ wọn mọ́. Nínú ìwé yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pè é. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kí wọ́n gbé mi dé Òkukù. Ilé ìdáná náà ṣì dúró. Mo ṣáná síbẹ̀, mo jókòó tì í. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò yẹ̀: gbogbo èéfín gba òkè lọ, kò ṣẹ́ku ìwọ̀nba tí mo lè fi ṣe àwáwí omijé mi.