Okùn Béèsì Tí Mo Fi Owú Rà

Mo ti ta gìtá béèsì fún ọdún mẹ́sàn-án nínú ìjọ wa ní Ọ̀fà kí tíṣà kan tóun náà ń ta á tó dé. Wọ́n ní kó máa ta á nínú ìsìn kejì, kí èmi máa ta á nínú ìsìn kìíní. Kò dùn mọ́ mi.

Akọrin ni ìyàwó mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, bó ti ń gé ilá lọ́wọ́, ó ń fẹnu kọ ohun tí béèsì tíṣà kọ láàárọ̀.

“Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń rọra dún ni?” ó ní. “Bí ìgbà téèyàn gbórí lé tìmùtìmù.”

N kò lè jẹ ọbẹ̀ ilá náà tán.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, níbi ìdánrawò, tíṣà jáde lọ mumi, mo sì fọwọ́ pa okùn gìtá rẹ̀. Ó ń yọ̀ bí òrùka. Ara tèmi rí gbágungbàgun bí ara sùkúrúù. Tí ọwọ́ bá ti sún lórí rẹ̀, á han gooro.

Mo kọrí sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji tó ń ta ohun èlò orin. Mo ní kí wọ́n fún mi ní okùn béèsì tí wáyà tí wọ́n fi wé e tẹ́jú. Wọ́n gbé méjì jáde, ọ̀kan tínrín, èkejì nípọn.

“Irú ohùn wo lò ń wá?”

Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé ohùn ẹlòmíì ni.

“Tíṣà kan máa ń rà á lọ́dọ̀ yín. Èwo ló rà?”

“Èyí tó tínrín. Ìwọ náà mú un, ó rọ ọwọ́ lọ́rùn.”

Mo mú èyí tó nípọn. Tí tèmi ò bá ní ju tiẹ̀ lọ, kí ni mo wá ṣe níbẹ̀?

Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, okùn náà ti fa ọrùn gìtá tẹ̀, ó sì le débi pé ìka mi ń ta mí. Níbi ìdánrawò, tíṣà rí mi tí mò ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wò ó.”

Ó gbé gìtá mi lé itan, ó ki kọ́kọ́rọ́ kékeré kan bọ ìdí irin tó wà nínú ọrùn rẹ̀, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí ọrùn náà lè nà padà.

“Okùn yìí dáa ju tèmi lọ o,” ó ní. “Mo fẹ́ rà á nígbà tí mò ń ra tèmi, ẹ̀rù ló bà mí pé á fa ọrùn gìtá tẹ̀.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò, bó ṣe mọ ohun tí gìtá mi ń fẹ́ ju èmi tí mo ni ín lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn béèsì mi rinlẹ̀, ó kún. Mo wá jókòó sẹ́yìn gbọ́ ìsìn kejì, ohun tí n kò ṣe rí láti ìgbà tí tíṣà ti dé. Ó ṣì dáa jù mí lọ, kì í sì í ṣe okùn ló fà á. Mo pè é wá sílé ní Sátidé kó wá kọ́ mi. Ó wá. Ìyàwó mi bu ẹran méjì sórí ìrẹsì rẹ̀, mo sì tún jowú.