Ọjọ́ Tí Agbára Tán Nínú Ọkọ̀ Tí À Ń Gbé

Inú ọkọ̀ la ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi. Lọ́rì ńlá kan tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni, tí ìjọ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ fi pákó kọ́ ilé sí lẹ́yìn rẹ̀. Ibùsùn wa wà nínú rẹ̀, a fi ìkọ́ há a mọ́ ara ògiri. Àpótí oògùn wà níbẹ̀, àti sítóòfù, àti bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí. Èmi ni nọ́ọ̀sì, òun ni awakọ̀, òun náà ló sì ń tún ọkọ̀ náà ṣe. À ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ Ìjùmú àti Yàgbà. A ó wẹ egbò, a ó wo aboyún, lẹ́yìn náà a ó ká aṣọ tí a sá sórí okùn, a ó sì tún gbéra. Àwọn ará ilé mi ní Kábà máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ni wá, tó ń gbé ilé ẹ̀ kiri. Èmi ò bínú sí i. Mo fẹ́ràn ayé yẹn gan-an.

Àsìkò ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ètè gbogbo èèyàn ti ya, eruku pupa sì ti bo ewé kọfí lẹ́bàá ọ̀nà débi pé o ò ní mọ̀ pé àwọ̀ ewé ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Iyah-Gbẹ̀dẹ̀ la gbé ọkọ̀ sí. Mo ń bọ́jú lẹ́nu ọ̀nà ní òwúrọ̀ nígbà tí mo rí obìnrin àgbà kan tó ń sáré bọ̀, tó fi gèlè rẹ̀ dání.

“Okun o, ọmọ mi,” ó ní. Kò rí èémí mí dáadáa, síbẹ̀ ó kí mi, torí kò sí wàhálà tí àwọn àgbà wa fi í gbàgbé ìkíni. “Ìyàwó ọmọ mi ti bí ọ̀kan láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀kan ṣì wà nínú. Kò jáde.”

Mo gbé àpò mi, mo tẹ̀ lé e. Lórí ẹní ni mo bá obìnrin náà, ọ̀dọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, òógùn bo iwájú orí rẹ̀ pẹ̀lú òtútù ọyẹ́ yẹn. Ọkọ rẹ̀ ti lọ tajà ní Lọ́kọ́ja, kò sì tíì dé. Ọmọ tó kọ́kọ́ bí, obìnrin, ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ. Mo fọwọ́ wá ikùn rẹ̀. Ọmọ kejì dábùú. Orí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ wà lápá òsì. Mo gbìyànjú láti yí i láti òde bí wọ́n ṣe kọ́ wa, ṣùgbọ́n omi ti dà tán, ilé ọmọ sì ti fún mọ́ ọn pinpin. Mo mọ ibi tí agbára mi mọ. Dókítà nìkan ló lè yọ ọmọ náà, Kábà sì ni dókítà wà.

A gbé e lọ sínú ọkọ̀, a tẹ́ ẹ sórí ibùsùn wa. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ àkọ́kọ́ lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi yọjú láti ojú fèrèsé kékeré tó wà láàárín ibi tó ti ń wakọ̀ àti ọ̀dọ̀ wa.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé ká máa lọ?” Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, àní nígbà tó bá ku àwa méjèèjì.

“Ẹ máa lọ. Ẹ rọra ní ojú kòtò, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀.”

Ọkọ̀ náà gbéra dáadáa. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè ni mo gbọ́ tí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Kò wúkọ́, kò pariwo. Ó kàn ń rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ọkọ mi yí gíà sísàlẹ̀, ó fẹsẹ̀ tẹ iná títí dé ilẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. A dúró.

Mo gbọ́ tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì. “Eruku ni,” ó ké sí mi. “Ọyẹ́ ti dí imú ẹ̀.” Ó yọ ohun tí ọkọ̀ fi ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó gbọ̀n ọ́n, eruku rẹ̀ sì gba ojú fèrèsé wọlé. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó dáhùn kíá, ó ní agbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. A sọ̀ kalẹ̀, a kọjá odò kan tó ti gbẹ, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ohùn náà tún rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ sáré lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo sáyẹ́lẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde kí ẹ́ńjìnnì tó kú tán. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà.

“Kì í ṣe eruku. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni kò rí mí, èéfín dúdú ni ì bá máa tú. Kò tú nǹkan kan. Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́.”

“Ṣé epo ti tán ni?”

“Táǹkì kún. Ó wà níbẹ̀, kò kàn dé ibi tó yẹ kó dé.”

Ó ní kí n fún òun ní àwo kan, mo fún un ní àwo ọbẹ̀ wa. Inú rẹ̀ ló ti fọ asẹ́ epo. Ó tú nọ́ọ̀tì kékeré kan, ó ń fi ọwọ́ fa páǹpù títí epo fi ń jáde láìsí ìfófòó, kí afẹ́fẹ́ má bàa kù nínú páìpù. Ó tan ọkọ̀, ó ṣiṣẹ́. A rìn díẹ̀, ó tún kú. Ó yọ páìpù tó ti inú táǹkì wá, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Mo gbọ́ bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń hó gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ nínú epo lọ́hùn-ún. Ó ní ibẹ̀ là, kò sí ohun tó dí i. A tún gbéra, a tiẹ̀ lọ jìnnà jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè gíga tó ṣáájú Kábà, ẹ́ńjìnnì náà dákẹ́ pátápátá.

Nínú ọkọ̀, obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ṣé a ti dé ni?”

“A ti ń dé,” mo ní.

Nígbà náà ni ọwọ́ ọmọ yọ. Ọwọ́ kékeré kan, ó ti ń wú díẹ̀. Mo fi ìka mi kàn án láti mọ̀ bóyá ẹ̀mí wà níbẹ̀, ó sì di ìka mi mú.

Mo bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi wà lábẹ́ ọkọ̀, àwọn àgbẹ̀ tó ń ká kọfí sì ti jáde láti inú oko wọn, wọ́n dúró yí i ká. Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò gbé ohùn sókè sí i rí.

“Ìgbà mélòó lẹ fẹ́ tú u, tí ẹ ó sì tún dè é? Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe, àbí ẹ ò mọ̀? Ọmọ ń kú lọ́wọ́ mi!”

Ó jáde láti abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ti dúdú fún epo tó ń fẹ́. Mo rò pé yóò fún mi lésì lójú àwọn èèyàn.

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Mi ò tíì mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju bí ì bá ṣe bínú lọ. Nínú àwọn àgbẹ̀ náà, èyí tó dàgbà jù ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé e. Ẹsẹ̀ kì í bàjẹ́ lójú ọ̀nà.” A yọ ibùsùn wa kúrò lára ògiri pẹ̀lú obìnrin náà lórí rẹ̀, àwọn ọkùnrin gbé e léjìká, ìyá àgbà pọn ọmọ ọmọ rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ọkọ mi kò tẹ̀ lé wa. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń wo ọkọ̀ náà. Inú bí mi sí i nítorí ìjókòó yẹn, mo fẹ́ sọ òótọ́.

Mo ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọwọ́ mi wà lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó òkè, mo mọ̀ ọ́n lára pé ohun tó di ìka mi mú ti tú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí wọ́n yára.

A ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, eruku sì gbalẹ̀. Ó ti fi okùn de garawa dísẹ́ẹ̀lì kan mọ́ orí ọkọ̀, rọ́bà kan sì ti inú rẹ̀ wọ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ gbé e wọlé!” ó ń pariwo. “Ẹ gbé e wọlé!”

“Kí lẹ ṣe sí i?”

“Mo ti yọ ọwọ́ táǹkì kúrò nínú ẹ̀. Garawa ló ń mu.”

Bí a ti ń lọ ló ń ṣàlàyé láti ojú fèrèsé, bóyá fún mi, bóyá fún ara rẹ̀. Ó ní ìgbà tí òun jókòó lórí òkúta ni òun rántí pé kò sí ìgbà tí ọkọ̀ náà sinmi tí kò tún rìn, ohun yòówù tí òun ìbáà tú lára rẹ̀. Èyí tó sì rìn jìnnà jù ni ìgbà tí òun fi ẹnu fẹ́ páìpù. Nǹkan kan wà nínú táǹkì, tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, á lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù. Tí ẹ́ńjìnnì bá sinmi, á já bọ́. Atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ ló ń tì í sẹ́yìn. Kò sí àyè láti wá a, ló bá fi táǹkì sílẹ̀.

Dókítà gba obìnrin náà lọ́wọ́ wa, ó sì yọ ọmọ. Ìyá yè. Ọmọ náà, ọkùnrin, ti kú.

Ìyá àgbà náà kò sunkún níwájú mi. Ó jókòó sórí àkàsọ̀ ilé ìwòsàn, ó ń mi ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ọmọ mi,” ó ní, “má tàn mí. Ṣé ó ti kú ká tó kúrò nílé?”

“Rárá, Ìyá. Ó di ìka mi mú ní ìsàlẹ̀ òkè.”

Ó mi orí fún ìgbà pípẹ́. “Ó dáa bí mo ṣe mọ̀,” ó ní.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi sọ táǹkì kalẹ̀, ó dà á gbẹ, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Aṣọ ló fà jáde, àkísà àpò fùláwà kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, irú èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ epo láti inú dúrọ́ọ̀mù. Ó lọ bi àwọn tó ń ta epo fún wa, olúkúlùkù búra pé òun kọ́. Ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó fi ọkọ̀ náà lé wa lọ́wọ́. A kò mọ̀ títí di òní.

Mo ní kó má bínú sí ohun tí mo sọ lójú ọ̀nà.

“Ohun tí o bi mí yẹn,” ó ní, “èmi náà ń bi ara mi nígbà yẹn.”

A há ibùsùn padà mọ́ ògiri. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, síbẹ̀ n kò lè sùn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ń tẹ́ ẹní sí. Òun náà sì yí padà. Ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gòkè, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́, yóò tẹ orí sí apá kan, yóò máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí mo bá wúkọ́, yóò ní kí n dákẹ́. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo ti bẹ àwọn ọ̀gá mi kí wọ́n fi mí sí ilé ìgbẹ̀bí ní Kábà, wọ́n sì gbà. Ọkọ mi ń bá nọ́ọ̀sì mìíràn kiri fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó lọ ń bójú tó ẹ̀rọ ìlagi kan lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí mo bi í pé ṣé kò ní ṣàárò ọ̀nà, ó ní ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan ló wu òun, pé bí ó bá kú, kò sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi dàgbà. Pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹ̀rọ yẹn, nígbà tó bá dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ a balẹ̀, a ó sì jọ jẹun.