Ẹ̀rín Àkọ́kọ́ Nílé Bàbá Ignatius

Kò sí ará Odode tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí Prosper rẹ́rìn-ín nílé Bàbá Ignatius. Àfẹ́sọ́nà Stephanie, ọmọ Bàbá, ni Prosper nígbà náà. Àkúrẹ́ ló ti wá kí àwọn òbí ìyàwó. Wọ́n jọ ń wo eré aláwàdà kan tí wọ́n ká sílẹ̀ níwájú èrò rẹpẹtẹ. Aláwàdà sọ̀rọ̀ kan, Prosper bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tẹ rìmóòtù, tẹlifíṣọ̀n dúró gbagidi.

"Ta ló rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Èmi ti pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mi ò sì tíì rẹ́rìn-ín. Dìde, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà."

Prosper gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ dání, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí eré fi parí. Ó fẹ́ Stephanie náà ṣá. Ó ní ẹni tí wọ́n ti dá dúró báyẹn nílé àna, ìtìjú wo ló tún kù fún un?

Òfin ilé Bàbá nìyẹn, àwa aládùúgbò tó ń lọ wòran níbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ní àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, kí wá ló dé tí ọmọdé yóò fi máa sáré mú ẹ̀rín? Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rín Bàbá kì í tètè yá. Kòkó ló fi gbogbo ayé rẹ̀ yẹ̀ wò fún ìjọba, ó máa ń la hóró kó tó gbà pé ó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń la ọ̀rọ̀ aláwàdà. "Èyí ṣì tutù," yóò wí, ojú rẹ̀ á le koko. "Ẹ dá a padà sóòrùn."

Babárìndé, tó wá láti ìhà Ìsẹ́yìn tó ń bá a ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Atosin, ti jẹ etí fìlà rẹ̀ tán níbi tó ti ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Á ní òun fẹ́ lọ wo iná, á lọ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn láàárín àwọn ewúrẹ́ lẹ́yìnkùlé, á padà wọlé bí ẹni tó ti ibi òkú dé. Mọ́mì Bernadette, ìyàwó Bàbá, kò ṣẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀: "Bàbá Stephanie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ikùn ń dùn mí."

Lọ́dún tó kọjá, ní oṣù Èrèlé, rọpárọsẹ̀ gbé Bàbá ṣánlẹ̀ ní bálùwẹ̀. Ó gba apá ọ̀tún, ó gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gba ohùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ ẹni tó ń wo nǹkan kan. Dókítà ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Fàdá wá gbàdúrà, kò wojú Fàdá. Wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò mira. Oṣù mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀," Mọ́mì sọ fún Kùdírátù lọ́jọ́ kan, kànrìnkàn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé Bàbá Stephanie ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́, àbí ara wọn lásán ni? Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, mà á wẹ̀ wọ́n títí ayé. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹnì kan sọ fún mi, kí n tètè máa sunkún mi."

Kùdírátù gba omi ìdọ̀tí náà, ó lọ dà á nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, Stephanie àti Prosper dé. Stephanie ti fíláàṣì tó kó eré aláwàdà sí bọ tẹlifíṣọ̀n tó wà níwájú bẹ́ẹ̀dì Bàbá.

"Àwàdà kẹ̀?" ni Mọ́mì wí. "Nínú ilé yìí, lákòókò yìí?"

"Mọ́mì, a ti gbàdúrà, a ti pè wọ́n títí. Ẹ jẹ́ ká dán èyí náà wò."

Aláwàdà bẹ̀rẹ̀. Èrò tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àwa tó wà ní yàrá dákẹ́, ẹnu Bàbá là ń wò. Kò sẹ́ni tó ní ká má rẹ́rìn-ín, ó kàn ti mọ́ wa lára ni. Aláwàdà bá ní ọdún méje ni ìyàwó òun fi gbààwẹ̀ kí òun má hanrun mọ́. Lọ́jọ́ tí àdúrà gbà, tí òun sùn wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyàwó gbá òun létí: "Dákun, ṣé o ti kú ni?"

Mọ́mì Bernadette rẹ́rìn-ín. Kò fẹ́ rín in, ẹ̀rín náà kàn já jáde pẹ̀lú omijé, ó ń mi èjìká rẹ̀, kò sì lè dá a dúró.

Ni ọwọ́ òsì Bàbá bá gbéra lórí aṣọ ìbora. Ó gbọ̀n, ó wálẹ̀, ó tún gbéra. Ìka kan nà sí Mọ́mì. Ó yí díẹ̀díẹ̀, ó wá nà sí ẹnu ọ̀nà.

Prosper ló kọ́kọ́ yé. Ó fò dìde. "Mọ́mì, ẹ dìde! Wọ́n ní kí ẹ lọ dúró!"

Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti dúró o, Bàbá Stephanie. Mo jẹ̀bi. Ẹ wò mí, mo ti dúró." Stephanie gbé àga fún un, ó kọ̀ ọ́. Ó ní ta ló sọ fún un pé ìyà òun ti parí?

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún sí ọjọ́ náà ni Bàbá kú. Mọ́mì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ó ní òun mọ ẹni tí òun ń sunkún, ọkọ òun ni òun sì wẹ̀ dọ́jọ́ ikú.

A ṣì máa ń lọ wo aláwàdà nílé náà. Kò sófin mọ́, ẹni tó bá wù ú ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Àárò bàbá alágídí yẹn ń sọ wá o, ó ń sọ wá gan-an ni.